Ọkọ Ìyàwó Tó Ń Làágùn Lẹ́yìn Ààrò

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ọkọ mi àti ẹṣin bàbá rẹ̀. Ní apá kan ògiri yẹn, ní Ìgbògbò níbí, ọkọ mi ń sun búrẹ́dì. Ní apá kejì, ẹṣin ń jẹ koríko. Ẹ̀yìn ààrò búrẹ́dì ló ti ògiri náà, ààrò tó máa ń gbóná láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́. Bí o bá fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án láti ọ̀dọ̀ ẹṣin, kíá ni wàá gbé ọwọ́ rẹ kúrò. Bàbá ọkọ mi ló mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ilé ẹṣin síbẹ̀. Wọ́n ní etí ọ̀sà la wà, òtútù àárọ̀ kò dáa fún akọ ẹṣin, ooru ààrò ni yóò máa mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rìn káàkiri ara. Gbogbo ilé ló gbà bẹ́ẹ̀. Èmi náà gbà, torí olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Lásùnwọ̀n, mi ò kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹṣin.

Ẹ bá mi wo ẹṣin ọ̀hún ná. Funfun ni, gogo rẹ̀ gùn, ìgbéraga rẹ̀ sì dà bíi ti ọmọkùnrin tí wọ́n bí lẹ́yìn obìnrin mẹ́fà. Kì í ṣe ẹṣin tó ń jókòó jẹun o. Lọ́jọ́ Sátidé, òun ló ń gbé ọkọ ìyàwó lọ síbi ìgbéyàwó. Ẹni tó bá jẹ oyè, òun ló ń gbé e yí ìlú po. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n á mú un lọ sétí omi ní Ìbèṣè kí àwọn tó wá gbatẹ́gùn lè gùn ún ya fọ́tò. Gbogbo rẹ̀, ọ̀sán gangan ni. Wọ́n á fi àrán pupa bò ó láti ọrùn dé ìdí, wọ́n á ki tìmùtìmù sábẹ́ gàárì, wọ́n á so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn, yóò wá máa jó, yóò máa gbẹ́sẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí kò fẹ́ tẹ ẹrẹ̀. Kó tó délé, òógùn á ti sọ àrán pupa di dúdú. Ibi tó sì ń bọ̀ wá sinmi náà nìyẹn, lẹ́yìn ààrò, lábẹ́ páànù.

Bàbá tèmi, ní Ẹ̀pẹ́, ní abo ẹṣin kan. Iṣẹ́ sọ́míìlì ni wọ́n ṣe kí ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, wọn kò mọ ohun kan nípa ẹṣin. Ẹ̀gbọ́n wọn ló ni ín, òun ló máa ń gùn ún lọ sí yídì lọ́jọ́ iléyá. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wọn kú, bàbá mi mú ẹranko náà wá sọ́dọ̀, wọ́n ní níṣojú àwọn kọ́ ni ìran ẹṣin yẹn yóò ti parẹ́. Nítorí náà, lọ́jọ́ ìdána mi, ní ọdún mẹ́fà ṣáájú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, àwọn bàbá méjèèjì yọ́ lọ sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń ṣe ìdána tiwọn. Bàbá mi ní, "A ti fún yín níyàwó. Ẹ̀yin náà, ẹ fún wa lọ́kọ." Bàbá ọkọ mi rẹ́rìn-ín, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Bí èmi àti abo ẹṣin bàbá mi ṣe di ìyàwó ilé kan náà lọ́jọ́ kan náà nìyẹn.

Ọdún mẹ́fà kọjá. Èmi ò bí, abo ẹṣin ò bí.

Ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé ìdílé ọkọ mi kò gbìyànjú. Wọ́n ní àṣà kan tó ti ọ̀dọ̀ bàbá ńlá wọn wá: akọ ẹṣin tó bá ń lọ bá abo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ làágùn fún ogójì ọjọ́. Ojoojúmọ́, nígbà tí oòrùn bá ti wà lókè orí, bàbá ọkọ mi á di àrán mọ́ ọn, wọ́n á máa lé e yípo pápá tó wà lẹ́yìn ilé títí ìfófòó á fi máa já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Òógùn ló ń lé ọ̀lẹ kúrò lára," ni wọ́n máa ń wí. "Ọkọ ìyàwó tí ò làágùn, omi lásán ló máa tú." Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó di ẹ̀yìn ààrò, wọ́n á tún fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó kí ooru má bàa sá lọ. Ní ọjọ́ kọkànlélógójì, wọ́n á gbé e sínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó di ọ̀nà Ìtòkín, ó di Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Akọ gun abo, ó gùn ún dáadáa, àdúgbò pàtẹ́wọ́, bàbá ọkọ mi ń yan kiri bíi pé àwọn gan-an ni wọ́n ṣiṣẹ́ ọ̀hún. Oṣù á kọjá, kò sí oyún. Wọ́n á wá ní ìlàágùn ló kù díẹ̀ káàtó. Nígbà tó bá tún yá, wọ́n á fi kún eré sísá.

Ta ni wọ́n dá lẹ́bi? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Akọ tó ń jó láàárín ìlú, tí àwọn èèyàn ń bá ya fọ́tò, ta ni yóò wò ó tí yóò ní nǹkan ń ṣe é?

Lẹ́yìn ìgbà kẹrin, ọ̀rọ̀ náà sú bàbá mi. Wọ́n pe ọkọ mi, ó ṣí fóònù rẹ̀ sí gbangba, gbogbo ilé búrẹ́dì sì gbọ́. "Bí òjò ọdún yìí bá kásẹ̀ nílẹ̀ tí kò tíì lóyún, mo máa tà á fún àwọn tó ń ra ẹṣin. Wọ́n ti wá wò ó." Gbogbo wa la mọ àwọn tó ń ra ẹṣin. Kì í ṣe gígùn ni wọ́n ń rà á fún, ẹran ni. Ìyá ọkọ mi ń kó búrẹ́dì sínú ọ̀rá, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Kí lèèyàn fẹ́ ṣe?" ni wọ́n wí. "Ilé kan náà ṣáà ni wọ́n ti wá."

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Bóyá wọn ò mọ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni ìyá ọkọ mi, láàárín ọdún mẹ́fà yẹn wọn ò fi ọ̀rọ̀ gún mi rí. Àgbo ni wọ́n máa ń sè, wọ́n á gbé e wá, èmi á fún imú mu ún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà dùn mí dé egungun. Mo mú odindi búrẹ́dì kan, mo bọ́ sẹ́yìnkùlé, mo dúró jẹ ẹ́ tán, gbígbóná, láìsí bọ́tà, láìsí omi. Bí inú bá ń bí mi, ebi ló máa ń pa mí. Nígbà tí mo jẹ ẹ́ tán ni mo wojú ẹṣin, ó wojú mi, òógùn ń ṣàn nídìí rẹ̀ níbi tó dúró sí jẹ́jẹ́. Ilé ìwòsàn ti yẹ èmi wò láìmọye ìgbà, wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe mí. Mo ní, "Ìwọ náà, ṣé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò rí?"

Lọ́jọ́ kejì, bí iléèwé ṣe ń parí, mo gun kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kan. Obìnrin kúkurú kan ni, tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Ajá àti adìyẹ ló ń tọ́jú látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Nígbà tí mo dárúkọ ẹṣin, ó fò dìde, ó ní láti ìgbà tí òun ti jáde iléèwé lòun ti ń retí ẹni tó máa wá pe òun sí ọ̀rọ̀ ẹṣin. Ẹ̀pẹ́ ló kọ́kọ́ lọ, èmi ni mo mú un lọ. Ó yẹ abo ẹṣin wò látòkèdélẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ara ẹ̀ le ju tèmi lọ. Ẹ jẹ́ ká lọ wo ọkọ."

"Ọkọ wo?" ni bàbá ọkọ mi wí nígbà tá a padà dé. Wọ́n fìbínú dìde lórí àga. "Ọkọ tèmi yìí?"

Bí wọ́n ṣe gba àtọ̀ lára ẹṣin yẹn, mi ò ní sọ. Olùkọ́ ni mí, àwọn òbí ọmọ lè ka ìwé yìí. Kí n ṣáà sọ pé rọ́bà gígùn kan wà níbẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wà níbẹ̀, ọkọ mi ni wọ́n ní kó bá wọn di nǹkan náà mú, kò sì lè wojú dókítà fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Dókítà gbé ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wo kòkòrò sórí tábìlì tí a ti ń po ìyẹ̀fun. Bàbá ọkọ mi ló kọ́kọ́ fojú sí i. Wọ́n wò ó títí.

"Mi ò rí ohun kan tó ń mira."

"Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí náà nìyẹn, Bàbá."

Èmi náà wò ó. Àtọ̀ rí bíi légbénlégbé. Díẹ̀ ló ń lúwẹ̀ẹ́, àwọn yẹn pàápàá ń pòòyì lójú kan náà. Àwọn tó kù sùn gbalaja, ìrù wọn ti ká kò. Àánú wọn ṣe mí, ẹ̀rín sì tún ń gbọ̀n mí.

Dókítà jókòó ti bàbá ọkọ mi. "Bàbá, kí ló dé tí Ọlọ́run fi so kórópọ̀n ẹṣin síta, tí kò kó o síkùn pẹ̀lú kíndìnrín?" Bàbá ọkọ mi yí ojú kúrò, torí ìyàwó ilé wà níbẹ̀. "Kó lè tutù ju ara yòókù lọ ni. Atẹ́gùn ló yẹ kó máa fẹ́ sí i. Ẹ wá gbé e ti ààrò, ẹ fi àrán bò ó, ẹ ń lé e kiri nínú oòrùn. Ẹ ti se àtọ̀ yẹn jinná."

"Ṣé kó má sáré mọ́ ni?"

"Kó rìn, kó sáré díẹ̀, láàárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́. Ẹṣin tí kì í rìn, àìsàn lòun náà. Ṣùgbọ́n èyí tẹ́ ẹ̀ ń ṣe yìí, ìyà lẹ fi ń jẹ ẹ́."

"Ó sì gùn ún dáadáa! Gbogbo Ẹ̀pẹ́ ló rí i!"

"Bàbá, èèyàn lè kan ilẹ̀kùn gbàgbàgbà kó má mú nǹkan kan lọ́wọ́ wá."

Ó wá sọ èyí tó ba gbogbo wa lọ́kàn jẹ́. Ó ní àtọ̀ kì í ṣe ohun tí ara ń ṣe lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ń gba nǹkan bí oṣù méjì kó tó dàgbà. Èyí tí ẹṣin ń lò lónìí, ó ti pẹ́ tí ara rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Nítorí náà, ogójì ọjọ́ ìlàágùn yẹn gan-an ló ń pa èyí tó yẹ kó gbé dé Ẹ̀pẹ́. Bí a bá lé ooru lọ lónìí, a ní láti dúró fún oṣù méjì kí tuntun tó jáde. Oṣù méjì péré ló sì kù kí òjò lọ.

Mo bojú wẹ̀yìn. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ààrò, ó di pátákó tó fi ń fa búrẹ́dì mú, òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. Ó wo ògiri. Ó wo ààrò. Ó wo ara rẹ̀ nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó sún ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn kúrò lẹ́nu ààrò. Ẹsẹ̀ kan péré. Mo bu ètè mi jẹ kí n má bàa rẹ́rìn-ín sókè.

Ọ̀sẹ̀ yẹn la kọ́ ilé tuntun fún ẹṣin lábẹ́ igi fúrúùtù, a fi imọ̀ ọ̀pẹ bo orí rẹ̀, a fi ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Bàbá ọkọ mi ní ìwà kan: bí wọ́n bá gba nǹkan gbọ́, wọ́n máa ń gbà á gbọ́ ju ẹni tó sọ ọ́ fún wọn lọ. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n lọ ra yìnyín lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja ní Ìbèṣè, wọ́n dì í sínú àpò, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé e sábẹ́ ẹṣin níbi tí ọ̀rọ̀ náà wà gan-an. Ẹṣin ta ìpá kan, omi yìnyín olóòórùn ẹja dà sí i lára, àpò fò kọjá odi, ó bọ́ sínú ọgbà aládùúgbò. Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Bàbá, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Omi kànga ti tó." Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ẹṣin yẹn fi ń rùn bí ẹja, ológbò mẹ́ta sì ń tẹ̀ lé e nígbà tó bá ń ṣe ìrìn àárọ̀ rẹ̀. Mo máa ń pẹ́ dé iléèwé nítorí pé mo fẹ́ rí i.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí oṣù méjì pé, mo ti òde àríyá ní ilé ọmọléèwé mi kan bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mo sì bá àrán pupa lórí okùn. Gàárì wà nílẹ̀. Ẹnì kan fẹ́ jẹ oyè, ẹni ńlá, ó ti wá bẹ bàbá ọkọ mi, ojú sì tì wọ́n láti sọ pé rárá.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni," ni wọ́n wí. Wọn ò wojú mi. "Yípo ìlú lẹ́ẹ̀kan, ó tán."

Dókítà ti sọ ọ́ létí gbogbo wa pé bí ooru bá tún mú un gan-an, a óò tún oṣù méjì kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó wọ̀ mí. Mo rìn lọ síbi gàárì, mo jókòó lé e.

Ẹni tó bá mọ ilé ẹlẹ́ṣin mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í fi ẹsẹ̀ kan gàárì bàbá ọkọ rẹ̀, ká má tíì sọ pé kó gbé ìdí lé e. Bàbá ọkọ mi na ìka sí mi.

"Ìyàwó, dìde."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò ní dìde."

"Mo ní kó o dìde!"

Mo di etí gàárì mú, ìdí mi kò kúrò. Mo ní, "Bàbá, bí wọ́n bá ta abo ẹṣin yẹn, èmi náà ni wọ́n tà. Ilé kan náà la ti wá."

Ìró ọ̀rá búrẹ́dì tó ń dún nínú ilé dáwọ́ dúró. Ìyá ọkọ mi wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n wọlé padà, wọ́n bu omi tútù wá, wọ́n gbé e fún mi níbi tí mo jókòó sí. Mo mu ún. Bàbá ọkọ mi wo igi fúrúùtù, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ká àrán náà lórí okùn, wọ́n ká a jẹ́jẹ́, wọ́n gbé e wọlé. Ẹni ńlá fi mọ́tò yí ìlú po. Títí di alásárì ni mo jókòó sórí gàárì yẹn, bóyá wọ́n ṣì lè yí ọkàn padà.

Ìgbà karùn-ún tá a lọ sí Ẹ̀pẹ́, ìdájí la gbéra, ẹṣin wà láìsí àrán, láìsí ṣaworo. Bàbá mi wò ó, wọ́n ní, "Ọkọ ìyàwó dé níhòòhò?" Kò sí èrò, kò sí àtẹ́wọ́. Ẹṣin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá ó ń wá àwọn ayafọ́tò, nígbà tí kò rí ẹnì kankan, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí oòrùn fi máa là, a ti ń padà bọ̀.

Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́ nígbà tí dókítà pè mí láti Ẹ̀pẹ́. Ó ti fi ẹ̀rọ rẹ̀ wo inú abo ẹṣin. "Ó ti dúró o! Ó rí roboto!" Mo ké, mo ju ṣọ́ọ̀kì sókè, mo fò yí tábìlì po. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún mi láìmọ ohun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Òjò ọdún yẹn pẹ́ ju bá a ṣe rò lọ, kò tíì lọ. Bàbá mi ní kí àwọn tó ń ra ẹṣin máa lọ sí ibòmíràn.

Nínú oṣù kọkànlá oyún náà ni ọmọ ẹṣin jáde. Àárọ̀ ni bàbá mi pè, gbogbo wa rọ́ sínú ọkọ̀ búrẹ́dì, a já wọ Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú ìyẹ̀fun lára. Ọmọ náà ti dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń lọ sí ọ̀nà mẹ́rin. Ìyá ọkọ mi ò rí abo ẹṣin yẹn rí láyé wọn. Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n ya búrẹ́dì, wọ́n nà án sí i, ó jẹ ẹ́ lọ́wọ́ wọn.

"O kú ewu o, ìyàwó," ni wọ́n wí. "Má bínú sí wa. Àwa là ń dáná sun ọkọ ẹ, a wá ń sọ pé ìwọ ni ò dáa."

Abo ẹṣin ni wọ́n na búrẹ́dì sí, ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n ń wò. Ẹ̀rín ń pa mí, omijé ń bọ́, mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ kọ́kọ́ nù kúrò lójú. Nígbà tí búrẹ́dì tán lọ́wọ́ wọn, wọ́n yíjú sí ọmọ wọn.

"Ìwọ. Ọjọ́ wo lo máa lọ rí dókítà?"

Ọkọ mi fọwọ́ kan àyà. "Dókítà ẹranko yẹn?"

"Èyíkéyìí tó bá ṣílẹ̀kùn!"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ọgbà mú. Bàbá ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú ọmọ wọn ni wọ́n ń wò.

Lọ́jọ́ Ajé, ọkọ mi fa pátákó búrẹ́dì lé òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti lọ̀, a jọ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé ìwòsàn. Ọdún keje rèé tí mo ti ń lọ síbẹ̀ lémi nìkan, tí mo bá ti gbọ́ orúkọ ilé wa, mo ti máa ń dìde kí nọ́ọ̀sì tó pè é parí. Lọ́jọ́ yẹn, òun ni wọ́n pè. Ó gba ike kékeré kan, ó bojú wẹ̀yìn wò mí, ó wọlé. Mo jókòó.